Bí A Ṣe Ń Fi Pákó, Ike àti Idẹ Kan Àwòṣe Ọkọ̀ Ogun Bouvet

Ẹni tó bá fẹ́ kan àwòṣe ọkọ̀ ogun àtijọ́ láìra páálí tí wọ́n ti gé gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ sílẹ̀, ti ilẹ̀ Faransé ni mo máa ní kó mú, Bouvet gan-an ni mo sì máa ní kó fi bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ á ní ó le jù. Ó le lóòótọ́, àmọ́ ibi tó ti le kò ju ẹyọ kan lọ, ìyẹn ìhà rẹ̀. Ẹni tó bá ti mú ìhà ọkọ̀ yìí tọ́, ìyókù iṣẹ́ náà sùúrù ló gbà.

Ìlú Lorient ni wọ́n ti kàn án. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1893, wọ́n tì í sómi ní oṣù kẹrin ọdún 1896, ó sì bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ní 1898. Charles Huin ló ya àwòrán rẹ̀. Ọkọ̀ márùn-ún ni ìjọba Faransé kàn lórí ìlànà kan náà nígbà yẹn: Charles Martel, Carnot, Jauréguiberry, Masséna, àti Bouvet tó jẹ́ àbígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n wọn ò lo àwòrán kan fún gbogbo wọn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ya wọ́n. Lókèèrè, wọ́n jọra. Bí ẹ bá sún mọ́ wọn, kò sí méjì tó bára mu. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi pláànù Carnot rọ́pò torí pé òun ló wà nílẹ̀, ẹ má dá a lóhùn.

Kí ẹ tó gé ohunkóhun

Ẹ kọ́kọ́ mú ọdún kan. Ọkọ̀ ogun kì í wà bí wọ́n ṣe kàn án títí ayé. Wọ́n á yọ ìbọn kan, wọ́n á fi òmíràn síbẹ̀, wọ́n á pa ọ̀dà rẹ̀ dà. Bouvet tó jáde ní 1898, dúdú ni ara rẹ̀, gbogbo ohun tó wà lókè sì ní àwọ̀ ilẹ̀ tó ti ṣá. Èyí tó lọ sí Dardanelles, ọ̀nà omi tóóró kan ní ilẹ̀ Tọ́kì, ní 1915, àwọ̀ eérú ló wọ̀. Ẹni tó bá kan ti 1915 tó wá kùn ún bíi ti 1898 ti kan ọkọ̀ tí kò sí láyé rí. Èmi fara mọ́ 1898. Àwọ̀ méjì yẹn máa ń gbé ìrísí ìhà rẹ̀ yọ, eérú ní tirẹ̀ máa ń pa á mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni pláànù. Ilé ìtọ́jú ìwé àwọn ológun Faransé, Service historique de la Défense, wà ní Vincennes lẹ́bàá Paris, ó sì ní ẹ̀ka ní àwọn ìlú èbúté bíi Brest, Lorient, Cherbourg àti Toulon. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ ti wá pláànù. Èyí tí wọ́n yà lẹ́yìn tí wọ́n kan ọkọ̀ tán ló dáa jù, torí ohun tí ọ̀gá ayàwòrán ní lọ́kàn àti ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ kàn ní èbúté kì í sábà bára mu délẹ̀. Bí ẹ ò bá gbọ́ Faransé, díẹ̀ lẹ máa nílò: AV ni iwájú, AR ni ẹ̀yìn, tribord ni ọwọ́ ọ̀tún, bâbord ni ọwọ́ òsì, couple ni egungun ìhà kọ̀ọ̀kan, échelle ni òṣùwọ̀n.

Fọ́tò ni ẹ óò fi bá pláànù wí. Gallica, ibi tí ilé ìkówèésí ìjọba Faransé ń kó ohun àtijọ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní fọ́tò ọkọ̀ ogun lóríṣiríṣi. Marius Bar, ayafọ́tò kan ní Toulon, ya ọkọ̀ ogun ìgbà náà bí ẹni gbowó lé e, káàdì ìfìwéránṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ lára iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń lọ lọ́jà. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún káàdì: wọ́n lè máa tà á fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ti ya fọ́tò rẹ̀, ọjọ́ tó wà lára sítáǹbù kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n yà á. Bí pláànù bá sọ ọ̀tọ̀ tí fọ́tò sì sọ ọ̀tọ̀, fọ́tò ni kí ẹ gbà gbọ́, bó bá ṣáà ti jẹ́ ti ọdún tí ẹ mú.

Òṣùwọ̀n

Mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ lo 1/200, ìyẹn ni pé mìlímítà kan lára àwòṣe dúró fún igba mìlímítà lára ọkọ̀ gidi. Bouvet gùn tó nǹkan bíi mítà 118, ó fẹ̀ tó mítà 21 lé díẹ̀, ó sì rì sínú omi tó mítà 8 lé díẹ̀. Ní 1/200, ìyẹn á fún yín ní ọkọ̀ tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 59, tó fẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 10.7, tí abẹ́ omi rẹ̀ sì jìn ní bíi sẹ̀ǹtímítà 4.2. Orí tábìlì kan gbà á. Ní 1/350, gbogbo rẹ̀ ò ní ju sẹ̀ǹtímítà 34 lọ, àwọn ìbọn kéékèèké á sì di ohun tí ojú ń wá kiri. Ní 1/100, ó máa ju mítà kan lọ. Ẹni tó bá ní ààyè nílé nìkan ni kó dán an wò, kó sì kọ́kọ́ bá ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ sọ ọ́.

Bí pláànù yín bá wà ní 1/50, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún; bó bá jẹ́ 1/100, ìdá 50. Kí ẹ tó gbà á, ẹ fi rúlà wọn ìlà òṣùwọ̀n tó wà lára pláànù náà, ní ìbú àti ní gígùn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé máa ń fún bébà díẹ̀ lápá kan ju èkejì lọ, ìfún bíńtín yẹn sì tó láti mú kí iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣìnà.

Ẹ kọ àwọn iye kan sára ògiri níbi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ní 1/200, èèyàn tó dúró ga ní bíi mìlímítà 8.5. Irin ìfọwọ́tì tó ga tó mítà kan á jẹ́ mìlímítà 5. Ẹnu ìbọn àgbá tó tóbi jù, tí ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 305 nígbà ayé rẹ̀, á jẹ́ mìlímítà kan ààbọ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá ṣe tí ìwọ̀n rẹ̀ bá dà bíi pé ó pọ̀, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ èèyàn mìlímítà 8.5 yẹn, ẹ óò mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ìhà ọkọ̀

Ọkọ̀ tí gbogbo wa mọ̀, bó ṣe ń ga sí i ló ń fẹ̀ sí i. Bouvet kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fẹ̀ jù nítòsí ojú omi, lẹ́yìn náà ìhà rẹ̀ á máa rọ wọlé bó ṣe ń gòkè, bí ìkòkò tí ikùn rẹ̀ tóbi tí ọrùn rẹ̀ há. Ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀ ni pé ìbọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ á lè yí sí iwájú tàbí ẹ̀yìn kó yìn láìsí pé ìhà ọkọ̀ dí i lójú, ẹrù tó wà lókè á sì dín kù. Ohun tó ná wọn ni pé bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá fẹ̀gbẹ́, kò sí ohun tó máa gbé e padà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1915, Bouvet kọlu bọ́ǹbù abẹ́ omi tí ọkọ̀ Nusret ti àwọn ará Tọ́kì rì sí etí Erenköy ní Dardanelles. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ó ti dojú dé, ó sì rì. Àwọn tó yè lára àwọn èèyàn inú rẹ̀ tó ju ọgọ́rùn-ún mẹ́fà lọ kò ju bíi 75. Mo mẹ́nu bà á torí pé ìrọ̀wọlé yẹn gan-an ni àwọn tó ń kan àwòṣe máa ń dín kù, ojú wọn ò gbà á pé ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má dín in kù. Bí pláànù ṣe yà á ni kí ẹ gé e.

Pákó pílíwúùdù tó nípọn ní mìlímítà 3 ni ẹ óò fi gé egungun. Fún ọkọ̀ tó gùn tó èyí, nǹkan bí ogún egungun ìhà tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ra níwájú àti lẹ́yìn, níbi tí ìrísí ọkọ̀ ti ń yára yí padà, kí wọ́n jìnnà síra díẹ̀ láàárín. Ìlàjì egungun kọ̀ọ̀kan nìkan ni kí ẹ gé nínú páálí, ọ̀tún nìkan. Òun náà ni ẹ óò yí dojú dé láti fi ya òsì. Báyìí ni ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á fi bára mu, yálà ọwọ́ yín gbọ̀n tàbí kò gbọ̀n.

Ìdí ọkọ̀ ni yóò kọjú sókè nígbà tí ẹ bá ń tò ó. Ẹ wá pákó kan tó tẹ́jú dáadáa, ẹ fa ìlà gbọọrọ kan sí àárín rẹ̀, kí ẹ sì fa ìlà ìdábùú fún ibi tí egungun kọ̀ọ̀kan máa dúró. Nígbà tí ẹ bá ń gé egungun, ẹ fi ẹsẹ̀ méjì gígùn sílẹ̀ fún un kọjá ibi tí dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn ilẹ̀ orí ọkọ̀, máa wà, kí gbogbo ẹsẹ̀ yìí parí sí ìlà kan náà. Àwọn ẹsẹ̀ ni ẹ óò fi gúlúù lẹ̀ mọ́ pákó. Bí iṣẹ́ bá parí, ayùn kékeré ló máa gé wọn kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé egungun ìdí tó gùn látiwájú dé ẹ̀yìn wọ inú ihò tí ẹ ti là sílẹ̀ fún un. Imú ọkọ̀ náà ẹ wò ó dáadáa: ó yọ síwájú lábẹ́ omi, wọ́n ṣe é láti fi gún ọkọ̀ ọ̀tá. Pílíwúùdù nìkan ni kí ẹ fi ṣe é, igi rírọ̀ á ṣẹ́.

Láàárín egungun méjì-méjì, ẹ ki balsa, igi kan tó fúyẹ́ tó sì rọ̀, bọ̀ ọ́, kí ojú igi lọ síbi tí gígùn ọkọ̀ lọ. Gúlúù funfun àwọn káfíńtà ló dáa, súpà gúlúù máa ń le bí òkúta níbi tó bá gbẹ sí, sáńpépà á wá jẹ balsa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó fi gúlúù sílẹ̀ ní òkìtì. Ẹ jẹ́ kí igi yọ díẹ̀ kọjá egungun.

Ohun tó kàn ni fífá. Kí ẹ tó fọwọ́ kan sáńpépà, ẹ fi máákà dúdú kun etí gbogbo egungun yíká. Ẹ lẹ sáńpépà mọ́ pákó gígùn kan tó lè kan egungun mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ máa fà á láti iwájú lọ sẹ́yìn ní ìdábùú-ìdábùú. Balsa á máa lọ. Níbi tí ìlà dúdú bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́, ẹ dúró, ibẹ̀ ti tó. Bí dúdú náà bá tán pátápátá lójú kan tó wà lójú kejì, ẹ ti fá ọ̀kan jù. Fún àárín egungun méjì tí kò ní ìlà, ẹ gé páálí sí ìrísí ìta ọkọ̀ níbẹ̀ láti inú pláànù, kí ẹ sì fi í lé e. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba àárín páálí àti igi kọjá ló máa fi ibi tó kù hàn.

Fílà tí àwọn tó ń kun mọ́tò ń lò ló máa dí ihò tó bá kù. Ẹ fín ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí i, kó gbẹ, kí ẹ wá pa iná yàrá, kí ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ máa fara ra ìhà ọkọ̀. Gbogbo kòtò àti gegele tí ojú ò rí lọ́sàn-án á yọ síta. Fílà, sáńpépà, ọ̀dà, tọ́ọ̀ṣì: ẹ óò ṣe é léraléra títí tọ́ọ̀ṣì ò fi ní rí nǹkan kan sọ mọ́. Ẹ má ṣe tẹ̀ síwájú kó tó dé bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà dúdú tó bá ń dán kì í bo àṣírí ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ìbọn yọ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́

Bouvet gbé ìbọn ńlá rẹ̀ kalẹ̀ ní igun mẹ́rin: ìbọn àgbá mìlímítà 305 kan níwájú, òmíràn lẹ́yìn, mìlímítà 274 kan lọ́tùn-ún, òmíràn lósì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú ilé ìbọn tirẹ̀, ìyẹn ilé irin tó ń yí pẹ̀lú ìbọn. Àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí jókòó sórí ìpìlẹ̀ roboto tó yọ síta lára ìhà tó ń rọ wọlé, àti ìpàdé roboto pẹ̀lú ìhà yìí ló máa ń fi iṣẹ́ àgbà hàn yàtọ̀ sí ti ọmọdé.

Ẹ wá páìpù ike tàbí ọ̀pá igi tí fífẹ̀ rẹ̀ bá ti ìpìlẹ̀ náà mu. Ẹ wé sáńpépà mọ́ ọn, kí ojú tó ń gé wà níta. Ẹ mú un dúró ṣánṣán níbi tí ìpìlẹ̀ máa wà, ẹ máa fà á sókè sódò, ẹ má jẹ́ kó fì sí ẹ̀gbẹ́ kankan. Díẹ̀díẹ̀ ló máa jẹ ìhà ọkọ̀, kòtò tó bá ṣe á sì gba páìpù náà wẹ́kú. Ẹ rántí pé sáńpépà ti fi nípọn rẹ̀ kún páìpù, nítorí náà ẹ lo páìpù tó kéré díẹ̀ fún fífá. Isàlẹ̀ ìpìlẹ̀ náà máa ń rọra pòórá sínú ìhà ọkọ̀. Fílà ni ẹ óò fi mọ ìyẹn, kí ẹ fi ìka tó tutù dán an kó tó gbẹ. Èyí tí ẹ bá ṣe lọ́tùn-ún, ẹ fi páálí gba ìrísí rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ti òsì.

Ìbòrí ara, ihò fèrèsé àti dẹ́ẹ̀kì

Àwọn kan fẹ́ràn láti gé ike wẹ́wẹ́ kí wọ́n tò ó sí ìhà ọkọ̀ bí irin tí wọ́n kàn mọ́ra. Ó wuni, àmọ́ ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ ná: irin tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan á jẹ́ ìdá ogún mìlímítà ní 1/200. Ọ̀dà tí ẹ bá fín nípọn díẹ̀ ti tó ìyẹn. Ẹ lẹ téèpù àwọn akunlé sí ìlà ibi tí irin méjì ti pàdé, ẹ fín ọ̀dà ìpìlẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ṣí téèpù. Ìlà fẹ́lẹ́ tó bá kù sílẹ̀ ni ojú máa rí, ó sì tó.

Fún ihò fèrèsé, ẹ fi téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ fa ìlà kan látiwájú dé ẹ̀yìn, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ sàmì sí ibi kọ̀ọ̀kan kí dírílù má bàa yọ̀. Ọwọ́ ni ẹ óò fi yí dírílù náà, ẹ̀rọ oníná á sáré jù fún un.

Pílíwúùdù tó nípọn ní bíi mìlímítà kan ni ẹ óò fi ṣe ilẹ̀ dẹ́ẹ̀kì. Kò tẹ́ pẹrẹsẹ, àárín rẹ̀ ga díẹ̀ kí omi lè ṣàn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi gíga yìí sí orí egungun látìbẹ̀rẹ̀. Níbi tí pláànù bá ti fi pákó hàn, ẹ gé ìlà igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó fẹ̀ ní mìlímítà kan tàbí kó dín díẹ̀. Ẹ má fi dúdú sáàárín wọn. Ìlà dúdú sáàárín pákó ti ba ọ̀pọ̀ àwòṣe tó dáa jẹ́. Pẹ́ńsù tí ẹ fi ra etí pákó lẹ́ẹ̀kan ti pọ̀.

Ìbọn

Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìyígi, ẹ̀rọ dírílù oníná tí fáìsì dì mú á ṣe é fún un. Ẹ ki ọ̀pá igi líle sí ẹnu rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa yí pẹ̀lẹ́, kí ẹ fi fáìlì irin àti sáńpépà mú un wá sí ìrísí ilé ìbọn. Eruku rẹ̀ lè wọ ojú àti imú: ẹ wọ gíláàsì ààbò àti ìbomú.

Yàtọ̀ sí ìbọn ńlá mẹ́rin yẹn, ilé ìbọn mìlímítà 138.6 jẹ́ mẹ́jọ. Ẹ má ṣe é lẹ́ẹ̀mẹjọ. Ẹ ṣe ẹyọ kan tó dára gidigidi, ẹ gbé e sínú àpótí kékeré, ẹ da sílíkóònù lé e, kí ẹ wá máa fi rẹ́sìn, ike olómi tó máa ń le, rọ ìyókù nínú ihò tó bá fi sílẹ̀. Ìbọn mìlímítà 100 náà jẹ́ mẹ́jọ, ọ̀nà yìí kan náà ni. Ẹ má fá rẹ́sìn láìbomú, eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹnu ìbọn ńlá, páìpù idẹ ni. Ẹ ki páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ sínú èyí tó tóbi ju, kí ìbọn náà lè máa kéré sí i bó ṣe ń lọ síwájú, ẹ fi fáìlì fá ibi tí wọ́n ti pàdé. Ihò mìlímítà 1.5 fún ti 305, ó dín díẹ̀ sí 1.4 fún ti 274.

Òpó, páìpù èéfín, ọkọ̀ kéékèèké

Òpó méjì ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwo roboto lókè tí àwọn ológun máa ń dúró sí láti yin ìbọn kékeré. Páìpù idẹ ni kí ẹ fi ṣe òpó, torí okùn máa fà á, ike á sì tẹ̀. Páìpù èéfín méjèèjì lè jẹ́ ike. Òwú ìránṣọ tí ẹ fi súpà gúlúù wé mọ́ wọn ló máa ṣe òrùka irin ara wọn.

Fún àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó wà lórí dẹ́ẹ̀kì, ẹ gbẹ́ igi sí ìrísí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kan ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ férémù onígi, ẹ gbé e sókè iná sítóófù títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì máa rọ̀ sísàlẹ̀ láàárín, kí ẹ yára ti igi yẹn bọ inú rẹ̀. Bó bá tutù, ẹ gé e yíká. Fèrèsé yàrá ìdáná kó wà ní ṣíṣí, èéfín ike kò dáa.

Irin ìfọwọ́tì wà lọ́jà ní idẹ tí wọ́n ti gé pẹ̀lú ásíìdì, mi ò sì rí ohun tó burú nínú kí èèyàn rà á. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe tirẹ̀ á ta wáyà bàbà tó tẹ́ẹ́rẹ́ sórí férémù, á fi lẹ́ẹ̀dì àwọn atún-rédíò-ṣe lẹ ọ̀pá dídúró mọ́ ọn, ní mìlímítà 5 ní gíga.

Ọ̀dà àti okùn

Ẹ fi ọkọ̀ sórí ibi tó tẹ́jú, ẹ de pẹ́ńsù mọ́ búlọ́ọ̀kù igi ní gíga ojú omi, ẹ tì í yíká ọkọ̀ kí ìlà omi lè yọ. Ọ̀dà abẹ́ omi ni ẹ óò kọ́kọ́ fín, lẹ́yìn náà àwọ̀ tó ṣá ti òkè, dúdú ló kẹ́yìn. Kì í ṣe dúdú gidi: ẹ fi funfun díẹ̀ pò ó kó di eérú tó ṣókùnkùn, torí dúdú gidi lára ohun kékeré máa ń gbé gbogbo ìrísí mì. Ilé ìbọn, ọkọ̀ kéékèèké àti òpó, ẹ kùn wọ́n lọ́tọ̀ kí ẹ tó gbé wọn lé e.

Okùn ló kẹ́yìn. Okùn ìwọ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ lọ́jà á ṣe é, ẹ kùn ún ní dúdú kí ẹ tó so ó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín ọkọ̀, kí ẹ máa bọ̀ síta, kí ọwọ́ yín má bàa máa kọjá láàárín okùn tí ẹ ti so. Ẹ má fà á le. Bó bá ti dúró gbọọrọ, ó ti tó. Èyí tó bá le jù á tẹ òpó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ fi ìṣó oníyíyí méjì dè é mọ́ pátákó láti ìsàlẹ̀, inú igi líle ni kí ìṣó náà wọ̀, má jẹ́ inú balsa. Àpótí gíláàsì tàbí ike tó mọ́ gaara ló máa bò ó, kí ẹ dá ihò wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí òórùn gúlúù àti ọ̀dà lè máa jáde, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé.